Bàtà Tó Wà Lọ́dọ̀ Ṣúmékà

Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn bàtà yẹn nínú ilé Ojúlalákàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti jù ú sí ààtàn rí, Ojúlalákàn lọ wá a jáde. Ọkọ rẹ̀ ní bí àlejò bá rí i lẹ́nu ọ̀nà, wọn á rò pé òun ò lè tọ́jú ìyàwó òun. Bàtà dúdú kan báyìí ni, tí okùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti já tipẹ́, tí wọ́n kàn so pọ̀ lásán, tó sì máa ń tú nígbàkígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fẹ́ kó tú. Ojúlalákàn kì í wọ̀ ọ́ lọ sóde kankan. Ibi iṣẹ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lọ.

Iṣẹ́ wo wá nìyẹn? Iṣẹ́ ìfura ni, ká má parọ́. Àwọn oníṣòwò ló máa ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn lọ wo ibi tí àwọn ti ń ra nǹkan àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fipá mú sìn, tí wọ́n tì mọ́lé, tàbí tí wọ́n gba ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kó má baà lè lọ. Wọn ò fẹ́ kí ẹkún ẹlòmíràn wà nínú ọjà wọn. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àwọn mìíràn, ojú ayé lásán ni. Ojúlalákàn kì í bá wọn jiyàn, ohun tó bá rí ni yóò sọ. Ìyẹn náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́, torí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó mọ́ tónítóní. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan fẹ́ máa kó àwọn àlejò wọn wá sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní tọwọ́ bọ̀wé àfi tí ẹnì kan bá yẹ gbogbo àwọn tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì náà ṣiṣẹ́ wò. Ojúlalákàn ti wo ẹni tó ń kó ẹran wá, ó ti wo ẹni tó ń kó ọṣẹ wá. Ó wá ku alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ ibùsùn.

"Ìyẹn ò le," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ọmọlúàbí èèyàn ni Máníjà. Aṣọ tó bá fọ̀, ó máa ń funfun báláú ni. Kì í pẹ́, kì í bínú, iye tó ń gbà náà ò sì tó nǹkan. Lọ wò ó kíá, kó o wá jẹun."

Iye tó ń gbà ò tó nǹkan. Ojúlalákàn tún gbólóhùn yẹn rò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí náà ti ṣe alágbàfọ̀ rí. Ọwọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́ nígbà náà, títí awọ ìka rẹ̀ fi ń bó, ohun tó sì rí níbẹ̀ ló fi rán àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé. Òun gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé aṣọ kì í fúnra rẹ̀ funfun. Ṣùgbọ́n ta ló máa la ẹnu sọ ìyẹn fún ẹni tó fi ìka bíbó tọ́ ọ dàgbà? Ojúlalákàn wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Ilé alágbàfọ̀ náà wà lẹ́yìn ògiri gíga kan. Kó tó kanlẹ̀kùn géètì rárá, wọ́n ti ṣí i. Máníjà fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó tẹ̀ ba mọ́lẹ̀ bí ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ mà. A ti ń retí yín."

Ojúlalákàn dá ẹsẹ̀ dúró. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀ lónìí àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tó rẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà funfun lẹ̀ mọ́ ọn níka. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, kò tíì gbẹ tán.

Nínú lọ́hùn-ún, ooru gbà á lójú. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ń ké lápá kan, omi gbígbóná ń rú èéfín. Láàárín, àwọn obìnrin méjìméjì di etí aṣọ ibùsùn mú, wọ́n ń rìn pàdé ara wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n tún ń padà sẹ́yìn. Lápá ibi fèrèsé tí wọ́n fi irin dí ni àwọn tó ń lọṣọ tò sí. Gbogbo wọn ló wọ épírọ́ọ̀nù tuntun, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sínú ọ̀rá ṣì hàn lára rẹ̀ gbọnrangandan. Wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ iléèwé, kó tó béèrè ohunkóhun, ọ̀kan nínú wọn ti ní inú àwọn ń dùn níbí gan-an.

Ta ló bi í?

Máníjà gbé àga wá, ó gbé ohun mímu tútù wá, ó gbé ìwé wá. Gbogbo ìwé ló pé. Ojúlalákàn yẹ̀ wọ́n wò, ó pa wọ́n dé, nítorí ẹni tó lè tún ògiri kùn lánàá lè tẹ ìwé lánàá náà. Ó lọ bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìdánimọ̀ yín ńkọ́? "Ó wà lọ́wọ́ wa." Ṣé ẹ máa ń jáde? "A máa ń jáde nígbà tó bá wù wá." Ó bi ẹlòmíràn. "A máa ń jáde nígbà tó bá wù wá." Ó bi ẹlòmíràn tó wà lókèèrè, tí kò gbọ́ ohun tí àwọn ti iwájú sọ. "A máa ń jáde nígbà tó bá wù wá." Máníjà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń mirí sí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dáhùn dáadáa.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojúlalákàn yí ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ tú pẹ́ẹ́.

"Ẹ ò rí i! Ìtìjú dé," ló wí, ó gbé bàtà náà sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé yìí, níbo ni wọ́n ti ń tún bàtà ṣe ládùúgbò yín?"

Ọgbọ́n tó ń dá nìyẹn, láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èèyàn lè kọ́ ẹni tó há mọ́lé ní ohun tó máa sọ nípa owó, nípa ìwé, nípa ìsinmi. Kò sẹ́ni tó ń rántí kọ́ ọ níbi tí ṣúmékà wà. Ẹni tó ń jáde nígbà tó bá wù ú, kò ní ṣàìmọ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, kò sì ní ṣàìmọ ibi tí wọ́n ti ń ta súgà.

Ilé dákẹ́, àfi ariwo ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo Máníjà.

"Ẹ má dààmú mà," ni Máníjà yára wí. "Màá rán ẹnì kan."

"Rárá o, ẹ jẹ́ kí wọ́n júwe ẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ rìn."

Ìgbà náà ni obìnrin kan láàárín àwọn tó ń lọṣọ lanu. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá. Kò gbójú sókè. Ó ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, ó ń fà á bọ̀.

"Tẹ́ ẹ bá ti jáde ní géètì, ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Ẹ máa rí ilé aláwọ̀ búlúù kan. Tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, igi ńlá kan wà níbẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni ṣúmékà máa ń jókòó sí. Bàbá àgbàlagbà ni, eyín iwájú ẹ̀ kan ti yọ. Ó mọṣẹ́ gan-an. Bàtà tèmi náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀, búráùn, tó ní bọ́tìnì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò tíì ráyè lọ gbà á ni."

Máníjà rẹ́rìn-ín títí ó fi pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ ọ, mà? Wọ́n mọ àdúgbò ju èmi alára lọ."

Inú Ojúlalákàn rọ̀. Ojú tilẹ̀ tì í díẹ̀ pé òun ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí olè láti àárọ̀. Ó dúpẹ́, ó ń wọ́ bàtà nílẹ̀ jáde, ó sì yà sọ́wọ́ òsì, nítorí okùn bàtà náà já lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe pé ó kàn tú bó ṣe fẹ́.

Kò rí ilé búlúù kankan. Ilé aláwọ̀ ìyeyè ló rí. Ó kọjá rẹ̀, kò rí igi. Ilé epo ńlá kan ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ tò síbẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè síra wọn. Ó rò pé òun ti ṣìnà ni, ó padà sẹ́nu géètì, ó tún rìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ilé epo náà ni. Ó bá sọdá lọ bá ìyá arúgbó kan tó ń ta omi tútù lábẹ́ agbòòrùn.

"Ẹ kú ọjà, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣúmékà tó máa ń jókòó sábẹ́ igi wà?"

Ìyá arúgbó náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán ẹ sí i?"

"Ẹnì kan ló júwe ẹ̀ fún mi. Ó ní lẹ́yìn ilé búlúù."

"Búlúù kẹ̀." Ìyá náà gbé ike omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ilé yẹn ti jẹ́ búlúù rí lóòótọ́. Ọkọ mi ni ṣúmékà tí ò ń wá. Ó ti kú, ọmọ mi. Ó kú kí wọ́n tó gé igi, wọ́n sì ti gé igi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé epo. Ẹni tó júwe fún ẹ yẹn, ibi tó ti ń bọ̀ á jìn o."

Kò jìn. Ògiri gíga yẹn náà nìyẹn lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń dán. Obìnrin yẹn kò parọ́ rárá. Àdúgbò bó ṣe rí lọ́jọ́ tó rí i kẹ́yìn ló júwe, ó sì júwe rẹ̀ dáadáa.

"Ìyá," ló wí, "ṣé bàbá fi bàtà kankan sílẹ̀? Búráùn, tó ní bọ́tìnì pupa?"

Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí fa àpò ìdọ̀họ kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Bàtà àwọn tí kò padà wá ló kún inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ní kó má tà wọ́n, pé ẹrù ẹlẹ́rù ni, olówó rẹ̀ á wá. Ó tú àpò náà títí, ó fa bàtà búráùn méjì kan yọ, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara wọn. Bọ́tìnì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ gìgísẹ̀ wọn, gìgísẹ̀ náà kò sì tíì kan ilẹ̀ rí.

"Ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín ló gbé e wá," ni ìyá náà wí. "Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ládùúgbò yìí, pé lọ́la lòun máa wá gbà á. Ọkọ mi dúró dè é lọ́jọ́ kejì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni? Bá mi gbé e fún un. Kó o sọ fún un pé ọkọ mi tún un ṣe dáadáa."

Ojúlalákàn lọ tààrà sí òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní yàrá tí wọ́n ń to aṣọ ibùsùn sí, ó ń kà wọ́n sórí pẹpẹ. Ojúlalákàn kò kí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún Máníjà pé mò ń bọ̀?"

"Èmi ni." Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ kedere. "Ṣé ó yẹ kéèyàn rán àlejò sí ọmọlúàbí láìsọ fún un? Kí o bá ilé ẹ̀ ní gbágungbàgun? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa."

Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn ṣá. Ìwà náà ló sì fún ọkùnrin yẹn láyè tó fi kun ògiri, tó fi kọ́ àwọn obìnrin náà ní ohun tí wọ́n máa sọ. Àbí ìwà ọmọlúàbí nìkan kọ́? Ojúlalákàn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń wo àwọn tó ń yẹ̀ wò, ó ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ máa yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń dùn ún dọ́kàn pé òun ń ṣe é. Bí kò bá ní ìdí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ta ló ń fọ aṣọ ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú báyìí, tí kò béèrè ohun tó tó nǹkan, tí ẹni tó ti fọṣọ rí kò sì bi ara rẹ̀ léèrè?

Ó gbé bàtà búráùn náà lé orí aṣọ funfun, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ ra aṣọ ibùsùn tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé ọwọ́ náà kúrò. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá fóònù rẹ̀ kiri.

"Màá pè é. Nísinsìnyí. Kò gbọdọ̀ fọ àkísà mi mọ́ láyé ẹ̀."

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Tẹ́ ẹ bá pè é, ó máa kó wọn lọ síbòmíràn kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, a ò sì ní rí wọn mọ́. Ẹ máa fi aṣọ ránṣẹ́ sí i bí ẹ ṣe ń ṣe. Ẹ tiẹ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá àwọn ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ná."

"Kí n kí i?"

"Ẹ kí i."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ó nà á sí i. "Gbà á. Kó wà lọ́dọ̀ ẹ títí ẹ fi máa ṣe tán. Mo mọ ẹnu ara mi. Tí mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn, màá bú u."

Ojúlalákàn gbà á. Lójú ọ̀nà ilé, fóònù náà wúwo nínú àpò rẹ̀, ó sì ń rò ó pé ṣé kò sí òmíràn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun báyìí. Ojú tì í fún èrò náà. Kò lè lé e lọ síbẹ̀.

Nígbà tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé ẹnu géètì yẹn, Máníjà tún wà níbẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èrò tó tì í lójú yẹn tún sọ jí. Àbí wọ́n ti sọ fún un náà ni? Àbí bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ṣe máa ń rí?

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yára, bi àwọn obìnrin náà ní ìbéèrè rẹ̀, Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti òpó. Ọ̀gá ní kó bọ́ síta, ó bọ́ síta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò ní fèrèsé. Inú wa ń dùn. Ìwé wa wà lọ́wọ́ wa. A máa ń jáde nígbà tó bá wù wá. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó yí padà nínú rẹ̀.

Ọ̀gá náà fa Ojúlalákàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, èmi gan-an ń fura. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ̀rọ̀, mi ò lè fi ìfura ṣí géètì. Mi ò lè gba ẹni tó ní inú òun ń dùn sílẹ̀."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Bàtà búráùn ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lónìí. Kò bá a mu. Ó há a, ó sì ti bó o lẹ́yìn gìgísẹ̀ láti ilé. Ó rìn gba àárín àwọn tó ń ká aṣọ, bàtà ń dún lórí sìmẹ́ńtì kọ́ọ̀, kọ́ọ̀. Máníjà ń wo ẹnu rẹ̀ láti ojú fèrèsé bóyá yóò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé kó má gbójú sókè, ilẹ̀ ló ń wò.

Áyọ́ọ̀nù kan dúró. Kò lọ, kò bọ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí yọ lábẹ́ rẹ̀, òórùn aṣọ tó ń jó gba inú ilé.

"Aṣọ!" ni Máníjà ké láti ìta. "Ṣé o ya wèrè ni?"

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò. "Níbo lẹ ti rí bàtà yẹn?"

"Lọ́dọ̀ ìyàwó ṣúmékà. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọkọ òun tún un ṣe dáadáa."

"Bàbá náà ńkọ́?"

"Ó ti kú."

"Ó kú?" Ó rò ó. "Ta ló wá ń jókòó sábẹ́ igi?"

"Igi ò sí mọ́. Wọ́n ti gé e. Ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ojúlalákàn rí i bó ṣe ń wo ibi tí igi yẹn wà nínú orí rẹ̀, bó ṣe ń wá a, tí kò rí i mọ́. Ó kàn gbé áyọ́ọ̀nù náà dúró nígbà tó yá, ojú ibi tó jó sì hàn lára aṣọ funfun náà bí ipasẹ̀ ènìyàn.

"Bàtà mi ni," ló sọ fún ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọjọ́ tí mo gbé e lọ tún ṣe ni mo jáde kẹ́yìn. Ìwé mi wà lọ́wọ́ ẹni tó wà níta yẹn. Tiwọn náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní tá a bá jáde láìní ìwé, ọlọ́pàá máa kó wa."

"Orí ẹ̀ ò pé, sà," ni Máníjà wí. Ó ti wọlé. "Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbé e lọ sọ́sípítù."

Obìnrin kan tó di etí aṣọ mú jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ò tiẹ̀ jáde rí," ló wí. Ẹnìkejì rẹ̀ nìkan ló wá ku tó di aṣọ náà mú, ó wò ó, òun náà jọ̀wọ́ tirẹ̀.

Ọ̀gá tẹ́ẹ́rẹ́ náà nawọ́ sí Máníjà. "Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Bí wọ́n ti ń wá ìwé àwọn obìnrin náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Máníjà, Ojúlalákàn jókòó sórí òkìtì aṣọ, ó bọ́ bàtà. Ìyá Áyọ́ọ̀nù wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀ nítorí ìdúró, bàtà náà há òun náà. Kò bọ́ ọ. Òun ló kọ́kọ́ gba géètì jáde, Ojúlalákàn tẹ̀lé e láìwọ bàtà.

Ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì wà níta, ẹ̀gbọ́n Ojúlalákàn dúró tì í, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Kò sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, kò sì ráyè mọ bó ṣe ń lọ nínú lọ́hùn-ún.

"Yàrá wà," ló wí. "Kí wọ́n máa bọ̀, gbogbo wọn. Mo ti tẹ́ ibùsùn."

"Aṣọ wo lẹ tẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi ìka hàn án. Wọ́n pọ́n, awọ ti ń ṣí lójú oríkèé. "Èyí tí mo fúnra mi fọ̀. Ìwọ, ṣé o rò pé màá pè é ni?"

Ojú ti Ojúlalákàn ju bó ti lè sọ lọ. Ó yọ fóònù náà, ó fi lé ọwọ́ pípọ́n yẹn.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ti rìn díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó dúró síwájú ilé epo. Ó wo ilé ìyeyè, ó wo àwọn ọkọ̀, ó wo ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yíjú padà sí Ojúlalákàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi júwe ọ̀nà."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ibikíbi. Mi ò mọ àdúgbò yìí."